Igi Tó Ń Kárí

"Mo ti ṣe tèmi. Ó kàn ẹ́." Adébọ̀wálé na igi ṣọ́bìrì náà sí Yẹ̀kínì. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìyànà-Ìbá, ojú rẹ̀ kan ti wú dí látàrí ìgbájú tí wọ́n fi mú un. Wọ́n ní ó jí fóònù oníbàárà lórí tábìlì. Wọ́n tú àpò rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan àyàfi ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Àmọ́ ẹnì kan ti pariwo "Olè!", ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ sórí nìyẹn.

Òfin àwọn tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ ni pé kálukú gbọ́dọ̀ na olè ní igi kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ gbogbo wọn bá ti wà níbẹ̀, ta ló máa jẹ́rìí ta ko ẹnì kejì ní àgọ́ ọlọ́pàá? Yẹ̀kínì ti wá kíyè sí nǹkan kan: ẹni tí igi bá kàn kì í wo ọmọ náà. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà án tán ló máa ń wò, á sì fi díẹ̀ kún bí onítọ̀hún ṣe nà án. Ẹni àkọ́kọ́ na ìdí. Èkejì na ẹ̀yìn. Adébọ̀wálé, tí kò lè pa eku, ló ṣẹ́ ọmọ náà lápá.

"Kí lò ń wò?" Alága wọn, Àsánì, jágbe mọ́ Yẹ̀kínì. "Àbí ìwọ lo rán an níṣẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Alága. Ta ló rí i nígbà tó mú fóònù yẹn?" Yẹ̀kínì béèrè.

"Gbogbo wa la rí i!"

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

Adébọ̀wálé fà á láṣọ. "Yẹ̀kínì, rọra nà án, jọ̀ọ́. Wọ́n máa gba tábìlì tó o fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ o. Kí nìyàwó ẹ máa jẹ?"

"Bọ̀dá," ọmọ náà ń mí gúlegúle, "ẹ má gbá mi lórí."

Ìdí, ẹ̀yìn, apá. Lóòótọ́, orí ló kù.

Yẹ̀kínì gbé igi náà sílẹ̀ níwájú Alága. "Mi ò nà."

"Ó dáa. Kúnlẹ̀ tì í. Olè méjì la mú lónìí." Alága mú igi náà, ó dá a padà fún Adébọ̀wálé. "Ọ̀rẹ́ ẹ nìyẹn. Ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀."

Adébọ̀wálé dijú, ó là á mọ́ ọn léjìká. Yẹ̀kínì gbọ́ bí eegun ṣe ró. Ó ṣubú lu ọmọ náà, ó sì fi àyà bo orí rẹ̀.

"Mùjídàt, ó kàn ẹ́!"

Mùjídàt, tó ń ta páòṣì fóònù, gba igi náà. Ó wo Adébọ̀wálé. Ó wo àwọn méjì tó wà nílẹ̀. Ó wá gbé igi náà sílẹ̀, ó jókòó lé e lórí.

"Ó ti rẹ̀ mí, Alága."

Alága yíjú sí ẹni tó kàn. Mùjídàt lonítọ̀hún ń wò.