Abàmì Tó Gbé Ọ̀nà Mì

Ní Sátidé tí Fẹ̀hìntọlá máa darí eré lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di irun oníbàárà méjì tán kí aago méjì tó lù, ó sì ti ka ìwé tó kọ sílẹ̀ ní àkàtúnkà títí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bí àgbálùmọ̀.

Eré náà kò le. Ẹnì kan á jẹ́ adarí, á máa sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tó ń bọ̀ wá bá wọn. Àwọn yòókù á di ẹlòmíràn, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá rújú, dáìsì ni yóò parí ẹ̀. Ṣèyífúnmi, olùkọ́ tó kọ́ Fẹ̀hìntọlá ní ìwé kíkà lẹ́yìn tó ti dàgbà, ló gbé eré yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ ní Mówè. Nígbà tí iṣẹ́ tuntun gbé Ṣèyífúnmi lọ sí Akúte, ó fi àga adarí sílẹ̀ fún un.

Lẹ́ẹ̀kìíní, Fẹ̀hìntọlá kọ ojú ewé mẹ́jọ, ó sì kà wọ́n láti òkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráyè ṣe nǹkan kan, nítorí ìwé ti ṣe é tán fún wọn. Tàjùdéèn, tó ń lẹ táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù, sùn lọ fọnfọn, ó tún hanrun.

Nígbà tó jí, ó wí fún Fẹ̀hìntọlá pé, “Ìyá Dámiláre, ẹ má bínú. Bí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, mo máa padà sídìí lúdò mi.”

Àwọn yòókù kò sọ pé irọ́ ló pa. Èyí ló dun Fẹ̀hìntọlá jù. Láyé rẹ̀, ìdí eré yẹn nìkan ni àwọn èèyàn ti máa ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Tí wọ́n bá túká, ó tán nìyẹn.

Ó pe Ṣèyífúnmi lórí fóònù.

“Oríṣiríṣi ọ̀nà la lè gbà darí ẹ̀, mà,” ni Ṣèyífúnmi wí. “Ti ìjà wà, ti ìwádìí wà. Èyí tí adarí kàn máa ń béèrè ìbéèrè náà wà. Ẹ mú ti ìjà. Ìjà kì í jẹ́ kéèyàn sùn.”

Fẹ̀hìntọlá bá kọ ìjà sínú ìwé.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó yí tábìlì ká: Tàjùdéèn, Hàfísátù tó ń ta ṣájà fóònù, àti Màmá Ìfọ̀, ìyá àádọ́rin ọdún tó wá kí ọmọ rẹ̀ láti Ìfọ̀, tí kò sì padà sílé mọ́ nítorí eré yìí.

Fẹ̀hìntọlá wo ìwé. “Ẹ ń rìn bọ̀ láti Ìbàfò. Lójijì, ọ̀nà tán. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Ó tán ni. Abàmì kan ló gbé e mì, pẹ̀lú ọkọ̀ àti ọ̀kadà orí ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ikùn ẹ̀ ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ẹ sì ń gbọ́ tí họ́ọ̀nù ń dún nínú ẹ̀.”

“Mo fa idà yọ,” ni Tàjùdéèn wí.

Inú Fẹ̀hìntọlá dùn. Ó yẹ kí abàmì náà bú ramúramù, bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Àmọ́ ohùn ìyá arúgbó ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì húkọ́. “Ta ló ń bọ̀ yẹn?”

Màmá Ìfọ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn. “Ẹ kú ìjókòó o, màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ikọ́.”

Hàfísátù kúnlẹ̀. Kì í ṣe nínú eré o. Òun gan-an ló kúnlẹ̀, sórí irun tó já sílẹ̀.

“Tàjú, lù ú,” ni Fẹ̀hìntọlá wí. “Ìwọ lo ní idà.”

“Kí n lu ta ni? Ìyá tó ń húkọ́?”

“Abàmì ni.”

“Abàmì tó dàgbà ni. Mo ti dọ̀bálẹ̀.”

Fẹ̀hìntọlá ṣí ojú ewé kejì. Ìjà. Ó ṣí ìkẹta. Ìjà. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó bá ìdọ̀bálẹ̀ mu. Tàjùdéèn ti ń wo ìta. Fẹ̀hìntọlá pa ìwé náà dé, ó sì jókòó lé e lórí.

“Ó dáa. Ẹ ti kí i. Kí lẹ fẹ́ bi í?”

“Màmá,” ni Màmá Ìfọ̀ wí, “kí ni ọ̀nà ṣe fún yín?”

Fẹ̀hìntọlá kò mọ̀. Ó kàn la ẹnu, òun pẹ̀lú wọn ló jọ gbọ́ ìdáhùn. “Ogójì ọdún ni mo ti jókòó síbí. Wọ́n ń sáré lọ, wọ́n ń sáré bọ̀. Ẹnì kan ò kí mi rí.”

“Ẹ dárí jì wọ́n, màmá,” ni Hàfísátù wí. “Ará Èkó ni wọ́n.”

Tàjùdéèn ta dáìsì bóyá inú abàmì á yọ́. Ó bọ́ sí mẹ́fà. Abàmì pọ bọ́ọ̀sì kan jáde, kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣì ń pariwo, “Káǹpù, Káǹpù, wọlé.” Màmá Ìfọ̀ ní òun á bá a di irun. Dáìsì rẹ̀ bọ́ sí márùn-ún. Ọ̀kadà méjì jáde, àwọn tó gùn wọ́n ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ wọnú ikùn. Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Oníbàárà kan tí ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ti di ẹ̀gbẹ́ kan irun rẹ̀ fa àga wá. Ó ní òun fẹ́ wà nínú ọkọ̀ tó kàn.

Tàjùdéèn tún ta dáìsì. Ó bọ́ sí ọ̀kan péré.

“Ọ̀nà tó kù jáde,” ni Fẹ̀hìntọlá wí, “ṣùgbọ́n ó ti yí padà. Kò kọrí sí Mówè mọ́.”

Ẹnì kan ń pe Tàjùdéèn láti ìta pé táyà òun ti jò. “Ẹ ní sùúrù,” ló fi dá a lóhùn, “mò ń rìnrìn àjò.” Ó yíjú padà. “Ìyá Dámiláre, ibo ló wá kọrí sí?”

“Mi ò mọ̀. Ìwọ lo wà níwájú. Kí lo rí?”

Tàjùdéèn di ojú. “Omi,” ló wí. “Omi ńlá. Ọjà wà lórí ẹ̀.”

Màmá Ìfọ̀ ti ń ká ìró rẹ̀ sókè kí omi yẹn má bàa rin ín.