Àlejò Tí A Fi Iyọ̀ Dúró Dè

Ní ìdájí òní ni mo lá àlá yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí iṣẹ́ ilé tó mú un kúrò lórí mi. Bó ṣe rí ni mo máa sọ ọ́, mi ò ní ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ Màmá. Màmá ni ìyá ọkọ mi, tó wá láti Ìgbájọ wá bá mi wẹ ọmọ ní Kánádà níbí. Oṣù mẹ́ta ló ti lò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀túnla ni bàálù rẹ̀ máa gbéra. Nǹkan kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́ rí kí òun tó padà sílé: sínóò. Kì í ṣe fún fáàrí. Bàbá ọkọ mi, tí gbogbo Ìgbájọ ń pè ní Tísà, fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé òjò kan wà nílẹ̀ òyìnbó tó funfun bí òwú, tí kì í dún tó bá ń rọ̀. Kì í ṣe yìnyín tó ń lu páànù gbàgbàgbà nílé lọ́hùn-ún. Lọ́dọọdún, ọmọ kan á dìde ní kíláàsì, á ní, "Tísà, ṣé ẹ ti rí i rí?" Tísà á ní rárá. Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Tísà kú láìrí i. Màmá wá ní tí òun bá padà, òun máa lọ síbi sàréè rẹ̀, òun á ní, "Òótọ́ lo kọ́ wọn. Mo fojú mi rí i." Bí kò bá rí i, kò ní sọ ọ́. Màmá kì í parọ́ fún alààyè, kí á má tíì sọ òkú.

Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ọdún yìí bàjẹ́. Òjò lásán ni. Òjò, ẹrẹ̀, òjò. Àwọn tó ti ń gbé ibí tipẹ́ ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo wa ti gba kámú. Màmá nìkan ló ń jí láàárọ̀, tó ń ṣí kọ́tìnì, tó máa wo ìta, tó máa ní, "Ó dáa. Bóyá lọ́sàn-án." Tó bá di ọ̀sán, á ní, "Ó dáa. Bóyá lọ́la." Kò bínú rí. Èmi tí inú mi máa ń ru tí bọ́ọ̀sì bá pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, mo kàn ń wò ó ni.

Nínú àlá náà, èmi àti Màmá ń wẹ Abọ́sẹ̀dé, ọmọ mi. Màmá jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Kẹ́tùlù omi gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kẹ́tùlù náà wúkọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń pè yín ní ọ́fíìsì sínóò. Wọ́n ní kí ẹ má pẹ́."

Màmá ní, "Ta ló máa mú ọmọ?"

Kẹ́tùlù ní, "Èmi ńkọ́?"

"O gbóná jù."

"Mo ti ń tutù bọ̀, Màmá. Ẹ fọwọ́ kàn mí."

Màmá fọwọ́ kàn án, ó ní ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. A gbé ọmọ fún un. Kò ṣe mí bákan rárá. Mo kàn sọ fún un pé tí ọmọ bá jẹun tán, kó jẹ́ kó gùnfẹ̀.

Nígbà tí a dé ìta, ọ́fíìsì náà wà lójú òfuurufú, lókè ibi tí àwọn ará ilé wa ń gbé mọ́tò sí. Wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Àkàbà gígùn kan ni wọ́n ń gùn débẹ̀, orúnkún sì ń dun Màmá. Mo kígbe sókè pé, "Ẹ gbọ́ o! Orúnkún ń dun ìyá mi!"

Ọ́fíìsì náà ní, "Háà! Ẹ má bínú, mà." Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí ràkúnmí tí wọ́n fẹ́ dẹ́rù lé, a wọlé, ó tún dìde.

Inú ibẹ̀ kún. Àwọn bàtà òtútù tò sílẹ̀ ní méjì méjì, àwọn ìbọ̀wọ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó sínóò fara ti ògiri, ó ń ráhùn. Ó ní, "Láti oṣù kọkànlá ni mo ti wà níbí, Màmá. Mi ò tíì rí iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe."

Màmá ní, "Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ìfaradà. Ó máa tó dé."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ ò rí i pé mo ti wọ kóòtù?"

Ṣọ́bìrì wò ó, ó dìde dúró dáadáa, ó ní, "Ẹ bọ́ síwájú mi, mà."

Ọ̀gá ọ́fíìsì jókòó lẹ́yìn tábìlì. Ó de táì, ó dá irùngbọ̀n díẹ̀ sí. Màmá kí i kú iṣẹ́, ó sọ pé sínóò la wá béèrè. Ọ̀gá kó ìwé jọ, ó ní, "Ní ti ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ yìí, ìgbìmọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò àti àtúngbéyẹ̀wò ìlànà ìsọ̀kalẹ̀..."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ń bọ̀ àbí kò bọ̀?"

"...ṣì ń ṣe àkójọpọ̀ àbá lórí ìmúgbòòrò ètò..."

Bó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn sí i. Nígbà tó dé "ìmúgbòòrò", ìwo méjì yọ lórí rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti rí irú wọn níbi tí mo ti ń gba ìwé ìgbélùú. Màmá ni àánú rẹ̀ ń ṣe. Ó ní, "Ẹ rọra, sà. Ẹ mí díẹ̀." Ọ̀gá kò mí. Ó ní, "...fún ìdàgbàsókè alá..." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ké, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ó ti di òbúkọ pátápátá, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gun orí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì wa.

Mo fi ariwo bọnu. "Òbúkọ burúkú! Ọjọ́ méjì ló kù fún ìyá mi!"

Màmá ní, "Ìyàwó mi, má bú u. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé kò tíì jẹun láàárọ̀." Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde, mi ò mọ ìgbà tó kó o síbẹ̀, ó fi lọ òbúkọ. Òbúkọ ju fáìlì sílẹ̀, ó gba èèpo. Ojú ìwé kan péré ló ṣẹ́kù nínú fáìlì wa. Ìwé náà na ara rẹ̀, ó nu itọ́ kúrò lójú, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹnu rẹ̀ ń rùn. Ẹni tí ẹ ń wá ti gbéra nílé tipẹ́. Ó ti dé ẹ̀yìn ìlú. Kò fẹ́ wọlé ni."

Mo ní, "Kí ló dé?"

"Ẹ lọ bi í."

Ọ́fíìsì tú okùn ara rẹ̀, ó ní kí a di nǹkan mú. Ó gbé gbogbo wa, àti òbúkọ, àti ṣọ́bìrì, ó lọ sẹ́yìn ìlú, níbi tí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti ń yí padà. Sínóò wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó tóbi tó ilé alájà méjì, ṣùgbọ́n ó ká ara rẹ̀ jọ kó má baà dí àwọn èèyàn lọ́nà. Ó funfun. Mi ò mọ nǹkan tí mo máa fi wé e, n ò sì ní wá a kiri.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní, "Mi ò wọ ìlú yín. Mo ti yọjú wò ó. Iyọ̀ ni ẹ dà sí gbogbo ẹnu ọ̀nà dè mí. Ẹ mọ̀ pé iyọ̀ ló ń yọ́ mi dànù."

Òótọ́ ni. Níbí, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí sínóò má baà dì mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ èèyàn má baà yọ̀.

Sínóò tún ní, "Ẹnu ọ̀nà kan wà tí iyọ̀ tirẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo ìlú lọ. Ó ga bí òkìtì. Kí ni mo fi ṣe onílé yẹn?"

Mo wolẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wa ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá, ojú ayé ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá rí ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé wa tó ń wọ́n iyọ̀ sórí àtẹ̀gùn. Ó bi mí pé kí ló ń fi ṣe. Ọwọ́ mi dí, mo ní, "Nítorí sínóò ni." Màmá wọlé, ó gbé iyọ̀ tó ṣẹ́kù níbi ìkómọ Abọ́sẹ̀dé, odindi àpò kan, ó jáde, ó dà á lé ti ọkùnrin náà. Bó ṣe ń dà á ló ń ṣàdúrà. Mo rí i lójú fèrèsé. Ìgbà tí ohun tó ń ṣe yé mi, àánú ṣe mí, mi ò lè là á yé e.

Nínú àlá náà, mo fẹ́ sọ pé àwa kọ́. Màmá ti bọ́ síwájú, ó ti kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn. Ó ní, "Èmi ni mo dà á."

Sínóò ní, "Kí ni mo fi ṣe yín, mà?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí. Nílé wa, tí ọmọ tuntun bá dé, iyọ̀ la máa ń tọ́ sí i lẹ́nu, kó lè mọ̀ pé ibi tó dé máa dùn mọ́ ọn. Mo rí ọkùnrin yẹn, mo rò pé ìkómọ yín ló ń ṣe. Mo sì rí i pé tirẹ̀ kéré. Mo ní kí ẹ má baà rò pé ahun ni wá."

Sínóò tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kó mi jáde bí ọmọ tuntun rí."

"Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó máa pa yín lára."

"Nítorí ta ni ẹ ṣe ń wá mi tó báyìí?"

Màmá sọ ti Tísà fún un. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Sínóò ní, "Ọgbọ̀n ọdún? Láìrí mi?"

"Ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín."

"Kí ló sọ nípa mi?"

"Ó ní ẹ kì í pariwo."

"Ẹ̀yin náà wá gbà á gbọ́?"

Màmá ní, "Ọkọ mi ni. Kì í parọ́ fún ọmọdé."

Mi ò ní tàn yín, omi bọ́ lójú mi. Sínóò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Màmá yára dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún, ẹ máa tán!" Òbúkọ bú sẹ́rìn-ín.

Sínóò nu ojú. Ó ní, "Ẹrù mi pọ̀, ọ̀túnla sì ti sún mọ́. Mi ò lè ṣèlérí pé mo máa bá yín nílé. Ṣùgbọ́n màá rán àbíkẹ́yìn mi síwájú. Kò mọ̀nà, kì í sì í kánjú. Tí ẹ bá gbójú kúrò báyìí, ó máa kọjá yín."

Màmá ní, "Ẹ rán an. A máa ṣọ́ ọ."

Òbúkọ fi pátákò tẹ ìwé wa ní òǹtẹ̀. Igbe ọmọ ló jí mi.

Mo fún Abọ́sẹ̀dé lọ́mú, mo gbé e kọ́ èjìká, mo lọ sí pálọ̀. Ilẹ̀ ti mọ́. Òjò ń rọ̀. Màmá jókòó sójú fèrèsé, ó ti wọ kóòtù. Àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ta lẹ gbé àga yìí sílẹ̀ fún?"

Kò yí ojú kúrò níta. Ó ní, "Ìwọ ni. Òjò yìí pọ̀ ju ohun tí èmi nìkan lè máa wò lọ."

Mo fẹ́ sọ fún un pé òjò lásán ni. Ó mọ̀ pé òjò ni. Mo jókòó. Mi ò rọ́ àlá kankan fún un. Òun ń wo apá òsì, èmi ń wo apá ọ̀tún. Gbogbo ẹ̀kán rẹ̀ ń já lulẹ̀ wàràwàrà, ó ń lu irin fèrèsé. Ó pẹ́ títí, ọmọ ti sùn lọ lórí mi. Mo wá rí ọ̀kan lápá ọ̀dọ̀ mi tó rẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó tún fẹ́ máa padà lọ sókè, bí ẹni tí kò mọ̀nà.

Mi ò tíì la ẹnu tí Màmá fi dìde. Ó ń wá bàtà rẹ̀.