Ọ̀rọ̀ Ẹ-fara-balẹ̀ Ti Gùn Jù

Ẹ-fara-balẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí gbólóhùn tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé fóònù nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé alájà púpọ̀ bá há sí àárín ọ̀nà. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á tẹ bọ́tìnnì pupa, ohùn rẹ̀ ni yóò sì gbọ́: "Ẹ fara balẹ̀. Mo wà pẹ̀lú yín. Mẹkáníìkì ti ń bọ̀ lọ́nà." Á máa bá wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà nílé ọkọ, níbi tó jìnnà. Bó bá délé, á tan rédíò, kì í ṣe pé ó ń gbọ́ ọ, kí ilé má baà dákẹ́ jù ni.

Bí àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọkàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í balẹ̀. Ní tirẹ̀, ara rẹ̀ a máa yá. Lọ́dún yẹn, ó lọ aṣọ rẹ̀, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó tòkè-tilẹ̀.

"Bàbá, ṣé àna lẹ fẹ́ lọ kí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo nìyí láàárín ọdún tí ẹnì kan máa ń jókòó kojú òun, tí á béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ?

Ọ̀gá tuntun ni ó bá, ọ̀dọ́bìnrin tí kò lè ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ó dìde kí i, ó fún un ní àga, lẹ́yìn náà ló wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, àwọn tó ń pè yín fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ti ń gùn jù. Ẹlòmíì á ti máa pè, ẹ ò ní tíì kúrò lórí ti àkọ́kọ́."

"Ọ̀gá, ẹ̀rù ló máa ń bà wọ́n. Tí mo bá dákẹ́, á tún le sí i."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ̀kan."

Gbogbo ìpè ni ilé iṣẹ́ wọn ń gbà sílẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan, ohùn ìyá àgbà kan jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ-fara-balẹ̀ rántí rẹ̀. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, nítorí ìyá náà fetí sí òun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń tù ú nínú, tó ń sọ fún un pé ìyàwó òun náà bẹ̀rù ẹ̀rọ yìí, pé àtẹ̀gùn ni àwọn máa ń gùn, bó ti wù kí ilé ga tó. Àwọn á máa sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan, àwọn á máa jà, àwọn á máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí obìnrin náà gbà láti wọ ẹ̀rọ náà ni ọjọ́ tí wọ́n ń tì í lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí ṣáájú ìpè náà.

Irin dún gbàù nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà. Ọkùnrin kan sọ pé, "Màmá, ẹ máa bọ̀." Ẹsẹ̀ wọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ohùn Ẹ-fara-balẹ̀ nìkan ló kù, tó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Wọ́n ti jáde," ni ọ̀gá náà rọra wí. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ló gbé yín lọ, ẹ ò mọ̀."

Ẹ-fara-balẹ̀ ń wo tábìlì. Ohùn rẹ̀ ń ṣàlàyé bí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ṣe tutù. Ọ̀gá náà nawọ́ láti pa á.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí."

Wọ́n jọ gbọ́ ọ dópin.

"Bàbá, ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ nílé?"

"Rédíò ni. Òun ló sì máa ń sọ ọ́."

Ọ̀gá náà kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò pé ó mọ èèyàn tù nínú. Ní ti àkókò, ó kọ ọ́ pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ-fara-balẹ̀ fọwọ́ sí i. Kò rí ohun tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó pe ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tó máa ń pè é.

"Bàbá mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan. Wọ́n ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ wa ni. Wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ jù."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ̀mú lèèyàn fi ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu yín?"

"Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mò ń sọ."

Ẹ̀rín náà dá. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ká máa dárúkọ màámi ni. Ìdí tí mi ò fi ń dá a sílẹ̀ nìyẹn."

"Èmi náà rò pé ìwọ ni kò fẹ́."

Ó lanu láti bẹ̀rẹ̀, ọmọdé kan sì figbe ta lọ́hùn-ún.

"Bàbá mi, ẹ má bínú, ọmọ ti ṣubú. Màá pè yín padà."

"Lọ gbé e. Lọ."

Ó gbé fóònù lé itan títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dún. Ó di ọjọ́ Sátidé kó tó dún, nígbà tó ń fọṣọ lọ́wọ́. Ó jókòó pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó sọ ti àtẹ̀gùn, ó sọ ti bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó parí, ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ rọra ń sunkún ní ọ̀nà jíjìn. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.