Níbo Lẹ Ti Kírun Iléyá?

Mi ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa pè mí ní "ọmọ wa" níbi iṣẹ́. Ohun tí Alhaji Mùtàlíbù sì kọ́kọ́ pè mí nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà lọ́ńdìrì rẹ̀ ní Ballymun, ní Dublin níbí, kí n tó sọ orúkọ mi tán. Ó ní ah-ah, Yorùbá ni ìjọba rán sí wa, ọmọ wa ni, ẹ wá àga fún un. Mo ní ẹ ṣé, sà, Nusaibah ni mò ń jẹ́, iṣẹ́ ìjọba ni mo bá wá, màá dúró. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Iṣẹ́ mi ò ṣòro ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ní Swords ṣì ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kọ́sítọ́ọ̀mù ni mí. Ní Ireland níbí, ẹni tó bá gba èèyàn síṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san owó kan fún ìjọba lórí ẹni náà. PRSI ni orúkọ rẹ̀, àwọn àgbà Dublin ṣì ń pè é ní sítáǹpù. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà, inú owó yẹn ni ìjọba ti máa fún un lówó oúnjẹ títí yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ọ̀gá kan ò fẹ́ san án. Wọ́n á ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, ó dá dúró ni, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ wò ó bóyá òótọ́ ni.

Husainat ni orúkọ obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣùgbọ́n Ìyá Ikram ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún Alhaji, aṣọ àwọn ilé àlejò tó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí òtútù dé tí àlejò dín kù, Alhaji ní kó máa sinmi nílé ná. Ó lọ bèèrè owó aláìníṣẹ́, wọ́n ní kò sí sítáǹpù kankan lórúkọ rẹ̀. Owó ilé ń bọ̀. Ikram ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ku ọdún kan kó jáde, ti ń sọ pé òun á fi ilé-ìwé sílẹ̀ kóun wáṣẹ́ ṣe. Tá a bá sọ pé ìyá rẹ̀ dá dúró ni, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Alhaji ò janpata. Ó ní Ìyá Ikram kẹ̀? Ọ̀gá ara rẹ̀ ni. Ọjọ́ tó bá wù ú ló ń wá, ọjọ́ tí kò bá wù ú, ó jókòó sílé rẹ̀. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí gbogbo mọ́sálásí mọ̀ sí olóore. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi, Gráinne, pé Yorùbá bíi tèmi làwọn méjèèjì, àmọ́ mi ò mọ̀ wọ́n rí, mọ́sálásí tiwa ọ̀tọ̀. Ó ní grand, kò burú, òun á jókòó tì wá, kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fóun.

Ìyá Ikram àti Ikram jọ wá sí ọ́fíìsì. Ìyá gbé ike móínmóín kan lé orí tábìlì mi. Mo ní mà, mi ò lè gbà á, òfin ò gbà mí láyè. Ojú rẹ̀ fà ro, mo sì mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ò dáa.

Ìdáhùn rẹ̀ wá burú fún un ju ti Alhaji lọ. Mo bi í pé ta ló ń sọ aago tó máa dé. Ó ní àwọn jọ ṣàdéhùn ni. Tí ara rẹ̀ ò bá yá ńkọ́? Alhaji máa ń ṣàdúrà fún un. Ṣé Alhaji ni ọ̀gá rẹ̀? Rárá o, ẹ̀gbọ́n ni Alhaji jẹ́ fóun, òun kàn ń bá wọn mójú tó aṣọ ni. Alhaji ló wá yàrá fún wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó dé, Alhaji ló ń gbé ìrẹsì wá lóṣù ààwẹ̀. Ikram ń mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mam, just tell her," ló ń sọ ṣáá.

Inú bí mi gan-an. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde nìkan ni mo lè kọ, mi ò lè ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo sì mọ ohun tó ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni: ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore, o ò gbọ́dọ̀ jókòó síwájú ìjọba kó o máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìyá tèmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀, màá sì bá a jà dé ilé.

Mo wá rántí ọ̀rọ̀ Alhaji. Ọjọ́ tí kò bá wù ú, ó jókòó sílé rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí tó bá jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀, ọjọ́ wo ló máa kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ nínú ọdún? Mo ti bírò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mà, Iléyá tó kọjá, níbo lẹ ti kírun Yídì?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. "Mi ò kírun Yídì," ló wí. "Èyí tó ṣáájú ẹ̀ náà, mi ò kí i."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó tọrọ àyè àárọ̀ yẹn nìkan, Alhaji ní aṣọ àlejò ò lè dúró. Ó bẹ Mọ́pẹ́, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, pé kó bá òun dúró fún wákàtí méjì péré. Mọ́pẹ́ lọ. Alhaji dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kì í ṣe ọwọ́ Mọ́pẹ́ lòun fẹ́, kí Ìyá Ikram fúnra rẹ̀ wá. Àárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló wà nígbà tí àwọn èèyàn ń kí ara wọn kú ọdún lórí fóònù.

Ikram ti yíjú sí i. "Mam, you told us you went to the early one."

Ìyá rẹ̀ fi ìborí nu ojú. Èmi náà ní láti wo fèrèsé fúngbà díẹ̀, torí àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò sì fẹ́ kó hàn. Mo ka gbogbo ohun tó sọ fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí, ó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá dá dúró lè yan ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó sì lè rán ẹlòmíràn dípò ara rẹ̀; òun ò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Òfin ní kí Alhaji gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ kó sì fèsì. Ó wá lọ́sẹ̀ kejì, agbádá funfun, fìlà tó gún régé. Mo kà á fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ń gbé síta yìí, pé òun àti Ìyá Ikram ti kúrò ní ọ̀gá àtọmọṣẹ́, àti pé ọmọ bíi tèmi yẹ kó mọ bí nǹkan ṣe ń lọ láàárín wa. Mo jẹ́ kó sọ tán.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Níbo lẹ ti kírun lọ́jọ́ yẹn?"

Mo rò pé ó máa gbaná jẹ ni. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Sààfù àkọ́kọ́," ló wí. "Ẹ̀yìn lèmọ́mù gan-an."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé itan. Ó ní aṣọ àwọn àlejò ló gba òun lọ́kàn lọ́jọ́ náà, òun ò tiẹ̀ rò ó pé òun ń dí i lọ́wọ́ àtikírun Yídì. Gráinne ń wò mí pé kí ló wí. Kí n tó túmọ̀ rẹ̀ fún un, Alhaji ti tún sọ̀rọ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ní kó má lọ. Òótọ́ ni." Mo kọ ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tó ń wá àga fún mi lọ, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìpinnu jáde pé òṣìṣẹ́ ni Ìyá Ikram láti ọjọ́ tó ti wọ lọ́ńdìrì yẹn. Alhaji á máa san sítáǹpù tó jẹ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Owó aláìníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún ìyá, Ikram ò sì kúrò nílé-ìwé. Nígbà tí mo fóònù láti sọ fún Ìyá Ikram, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé wọn ò ní ti Alhaji mọ́lé. Mo ní rárá, mà. Ó ní Alhamdulilahi.

Ó wá sọ fún mi pé Alhaji ti pe òun. Àlejò ti ń padà dé, wọ́n fẹ́ kóun wá. Orí mi gbóná. Gbogbo làálàá yìí, ó tún fẹ́ padà síbẹ̀? Àmọ́ ẹnu mi kọ́ ló wà. Mo bi í pé kí ló wá sọ fún wọn.

"Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Mo ní, Alhaji, òṣìṣẹ́ yín ni mí, ẹ kọ ọ́ kí n tó wọlé."

Obìnrin tí kò lè sọ gbólóhùn yẹn fún èmi tí mo jẹ́ àjèjì, ó ti sọ ọ́ fún Alhaji fúnra rẹ̀. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi lórí tábìlì níbẹ̀. Mo bi í bóyá Alhaji gbà.

Ó ní wọ́n ti kọ ọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè lòun máa bẹ̀rẹ̀.