Kànga Tí Kò Jò

Ẹ ti fura, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde: ẹni tó bá gbá máíkì mú níbi ìdúpẹ́, tó ní kí àwọn akọrin sinmi ná, ara rẹ̀ ló fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́.

“Ẹ̀yin ará!” Ẹnjiníà Ògúndìran kó apá agbádá sókè. “Páìpù tí wọ́n ń rì sínú kànga gáàsì, ńṣe ni wọ́n ń lọ́ ọ wọnú ara wọn. Bí hóró yanrìn kan bá há sínú tírẹ́ẹ̀dì, àwọn ìlà tó yí ẹnu rẹ̀ ká, gáàsì á gbabẹ̀ yọ́ jáde. Iná kan ṣoṣo, ó parí!”

“Olúwa má jẹ̀ẹ́ o!”

“Mo nù ún. Mo fi gíríìsì pa á. Mo lọ́ ọ dé ìwọ̀n, torí bó bá le jù, tírẹ́ẹ̀dì á bàjẹ́. Wọ́n ní ká yára. Mo ní kí wọ́n tú u. Mo tún un nù!”

Christiana, ìyàwó rẹ̀, ń sọ ọ̀rọ̀ náà wúyẹ́wúyẹ́ kó tó jáde lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ẹ̀rí náà nílé títí ó fi há a sórí. Kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Kànga tó ṣe kẹ́yìn lápá Wàrí nìyẹn. Kí wọ́n tó ṣí i, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Òkókómáíkò. Lẹ́yìn ìsìn òní ni àwọn àgbà yóò dárúkọ Bàbá Ìjọ tuntun. Ògúndìran ò tọrọ oyè. Ó kàn lọ rán agbádá tí yóò bá a mu ni.

Ni obìnrin kan bá dìde láàárín èrò. Mobọ́lájí ni, tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ níbi kànga, tó sì ti Wàrí wá bá a dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ ṣé, sà. Kànga tá a ṣe lẹ́yìn yín, gáàsì ibẹ̀ ń ké bí ìjì. Bí ẹ ṣe kọ́ wa la ṣe é, kò sí ojú kan tó jò. Àìsí ẹ̀kọ́ yín, àwọn ọmọ mi ì bá ti di aláìníyàá.”

Ilé ìjọsìn mì tìtì fún àtẹ́wọ́. Christiana nu ojú. Ògúndìran gan-an, omi lé sí i lójú. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ yìí wọ mọ́tò láti Wàrí nítorí òun! Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, máíkì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ń wo ara wọn, wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ó jókòó ni, oyè ì bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

“Kànga tèmi náà ńkọ́?” Ó ti gbé máíkì padà sẹ́nu. “Sọ fún wọn!”

“Ọ̀gá, ká délé ná, sà.”

“Ilé wo? Ilé Olúwa nìyí. Ṣé ó jò?”

“Kò jò, sà.”

“Ẹ gbọ́!”

“Omi ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sí gáàsì kankan, sà,” ni Mobọ́lájí wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Wọ́n ti fi símẹ́ǹtì dí i pa.”