Apá Tí Àbúrò Mi Ń Nà Sí Mi

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni èmi àti àbúrò mi obìnrin fi jọ ń kọ́ jiujítsù, nínú yàrá gbọọrọ kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà. Òórùn rọ́bà máa ń bá wa gun àtẹ̀gùn. Ìjà orí ilẹ̀ ni, kò sí ẹ̀ṣẹ́, kò sí ìgbájú. Wàá dì mọ́ ẹnìkejì rẹ, wàá wá ọrùn tàbí apá rẹ̀ mú. Tó bá ti ká a mọ́, á fi ọwọ́ gbá ọ lára lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ náà á tú u sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí Kóòṣì, ọ̀gá tó ń kọ́ wa, ń pè ní ṣíṣàn. Màá mú apá àbúrò mi, á yí bọ́. Á gun àyà mi, màá fi ìbàdí gbé e kúrò, a ò ní dúró, a ò sì ní fi agídí ṣe é. Ibi tí mo bá na ọwọ́ sí, apá rẹ̀ ti ń dúró dè mí níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ la ń pe àbúrò mi yìí nílé láti kékeré. Nọ́ọ̀sì ni. Kódà tí Kóòṣì bá ní ká jà lóòótọ́, èmi náà ni mò ń borí. Mi kì í gbà kí ẹlòmíì bá mi ṣe é. Mo ní àwọn yòókù ń lágídí jù, wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgbà tí Kóòṣì wá sọ pé òun ń wá ẹni tí á máa kọ́ àwọn obìnrin láàárọ̀ Sátidé, ta ni kò mọ̀ pé èmi ni? Mo ti sọ fún gbogbo oníbàárà mi. Aránṣọ ni mí, mo rán aṣọ ìjà tuntun fún ara mi, mo sì fi òwú dúdú kọ “Olùkọ́” sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti tú lẹ́tà náà báyìí o. Ihò abẹ́rẹ́ ò lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Kóòṣì ní ká pààrọ̀ ẹnìkejì. Ó fà mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, tí kò tíì lò tó ọdún kan láàárín wa. Mo na ọwọ́ sí apá rẹ̀, apá ò sí níbẹ̀. Mo gbé ìbàdí, ó jókòó lé mi bí àpò sìmẹ́ǹtì. Mo gbá a lára. A tún bẹ̀rẹ̀, mo tún gbá a. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Kóòṣì ní ó tó. Ó pe Jẹ́jẹ́. Àbúrò mi gba apá obìnrin yẹn bí ẹni gba ife omi, kò tiẹ̀ làágùn. Òun ni wọ́n gbé Sátidé fún.

Ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi gbé mi pọ̀n, tí mò ń yangàn pé mo mọ̀ ọ́n rìn.

Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo bi Jẹ́jẹ́ pé ta ló bẹ̀ ẹ́ kó máa jẹ́ kí n borí, ṣé ọmọ ọwọ́ ló pè mí ni. Mo sọ púpọ̀ tí mi ò ní tún sọ níbí. Ó rọra ń ká bẹ́líìtì rẹ̀ títí mo fi dákẹ́.

“Àǹtí mi,” ó ní, “oṣù kejì tí a bẹ̀rẹ̀, mo mú ọrùn yín. Ṣé ẹ rántí?”

Mo ní mi ò rántí.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ mi wà ní ọsibítù nígbà yẹn, ẹ ò yọjú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń na apá sí yín.”

Irọ́ ni mo pa, mo rántí. Iṣẹ́ ni mo sọ fún gbogbo ayé nígbà yẹn pé kò jẹ́ kí n yọjú, àsìkò tí ọmọ ọlọ́mọ ń fi ẹ̀rọ mí.

Mo ní tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó bá mi jà tọkàntọkàn. Mo búra fún un pé inú ò ní bí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi mú ọrùn mi. Mo gbá a lára. Ó tú mi sílẹ̀ kíá, ó wá ń wo ojú mi, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn tó ní kò dun òun.

“Ṣé inú ò bí yín?”

“Rárá,” mo ní. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi gbọ́ bí ẹ̀rín náà ṣe gbẹ.

Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní ẹ jẹ́ ká ṣe ṣíṣàn díẹ̀. Ó sì na apá ọ̀tún rẹ̀ síbi tó máa ń nà án sí, kò fi agbára kankan sí i. Mo mọ ohun tí apá náà jẹ́ báyìí. Mo mú un.