Ọpẹ́ Kì í Pa Ẹnu Dé

Nígbà tí Nimotallahi kọ́kọ́ sọ pé polísì lòun ń ṣe ní iléèwé, jìnnìjìnnì bo Tàǹtí Sẹ̀kínátù tó tọ́ ọ dàgbà.

"Ṣé ìbọn ni wàá wá máa gbé kiri, ọmọ mi?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oríṣi lẹ́tà ni àwọn elédè Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ló ń yà lórí kọ̀ǹpútà, láti A dé Z: lẹ́tà pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ mú, bí ohun tó já bọ́ lára ọkọ̀ òfuurufú ní pápákọ̀ Cadjèhoun. Ọ̀túnla ló sọ lẹ́tà náà lórúkọ, nítorí pé ọ̀la ti sún mọ́ jù lójú tirẹ̀.

Tàǹtí ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún kiri aṣọ lórí kí ọmọ àbúrò rẹ̀ lè kàwé. Ní báyìí, ó rí ìsọ̀ gbà ní ọjà Gbégamey, ó sì sọ ọ́ ní Ọpẹ́. Ta ni ì bá ya pátákó rẹ̀ bí kò ṣe Nimotallahi? Ó yà á, Mùílíù wẹ́dà gé e lára irin, wọ́n sì gbé e kọ́ láàárọ̀ Jímọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ààfáà ń bọ̀ wá ṣàdúà ìsọ̀.

Rasidat tí ìsọ̀ òun àti ti Tàǹtí kángun síra ló kọ́kọ́ kà á.

"O-pe. Òpè! Sẹ̀kínátù, òpè wo ló ń tajà níbí?"

Ni ọjà bá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀bi Nimotallahi ni. Ó ní àmì abẹ́ lẹ́tà ń ba ìlà òun jẹ́, ó sì yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Obìnrin tó fẹ́ dúpẹ́, òun ló sọ ọ́ di òpè lójú gbogbo ayé. Ojú tì í, kò lè gbórí sókè.

"Tàǹtí, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀."

Tàǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kọ nǹkan sórí yanrìn: ɔ. Ó kọ ɛ tẹ̀ lé e.

"Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní kíláàsì àgbà tí mo ti ń kọ́ ìwé, a kì í fi àmì sábẹ́ ọ àti ẹ. A máa ń ṣí wọn lẹ́nu ni. Ẹni tó ń dúpẹ́, ṣé ó máa ń pa ẹnu dé ni?"

Nimotallahi wo ilẹ̀, ó wo Tàǹtí. Láti kékeré, ìka ló mọ̀ pé Tàǹtí máa ń tẹ̀ síwèé, kò mọ̀ ọ́n kọ.

"Kíláàsì? Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìgbà tí o ti ń ṣe polísì rẹ. Mo fẹ́ lè ka ohun tí o bá kọ."

Mùílíù gé ẹ̀gbẹ́ òsì O kúrò, ó sì tẹ ẹ̀yìn E wọ inú. Ó bá Ọ̀túnla mu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ààfáà tó lanu, Tàǹtí dúró lábẹ́ pátákó, ó nàka sí àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ké jáde:

"Ɔ… pɛ́!"

Nimotallahi kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó ní, "Ẹ ṣeun, màmá mi." Kò pè é ní màmá rí.